Èsì: Ṣé kí n ra kọ̀ǹpútà alágbèéká HP EliteBook 840 G3 tòkunbọ̀ fún iṣẹ́ ilé-ìwé?

Àbúrò mi, bí owó rẹ bá lè ká G5, èyí tó tuntun ju G3 lọ, tó ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà (processor) Intel ìran kẹjọ, fi G3 yẹn sílẹ̀. Ìran kẹfà ni tirẹ̀, Microsoft kò fọwọ́ sí Windows 11 fún un, wọ́n sì ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025.

Bó bá jẹ́ òun nìkan lagbára rẹ ká, ó ṣì lè tẹ iṣẹ́ dáadáa, bí RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) bá jẹ́ 8GB tó sì ní SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára). Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, yọ ṣájà rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí o fi fídíò sí i fún ìṣẹ́jú 20. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, 70% ló hàn lójú bátìrì. Mo délé, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Kò síná, iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì sì wà nínú rẹ̀.