Èsì: Ṣé kí n fi ṣílè fàdákà ìyá àgbà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò?

Ẹ kú ìtọ́jú ogún. Ẹ ní ẹ wà ní Gwarinpa, ẹ sì béèrè bóyá kí ẹ fi ṣílè fàdákà 1913 tí ìyá yín àgbà fi sílẹ̀ ránṣẹ́ sí NGC tàbí PCGS, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó ẹyọ wò ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè fún un ní máàkì láàárín 1 sí 70 gẹ́gẹ́ bí ó ṣe dára sí.

Tí ẹ kò bá ní í tà á, kò pọn dandan rárá. Tí títà bá wà lọ́kàn yín, ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó àyẹ̀wò pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ àlọ àtàbọ̀, nítorí ó lè ju ohun tí oníbàárà máa san lọ. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná: bí ewé ọ̀pẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣì hàn ketekete, tí adé orí ọba kò sì tíì pa rẹ́, ó tó ohun tí èèyàn ń náwó lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Mo rí irú rẹ̀ kan ní Kaduna tí wọ́n fi eérú bó títí ó fi ń dán yanran. Ojú ìhá wínníwínní tó kù lára rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò fún un ní máàkì, wọ́n kàn kọ ọ́ sára ike tí wọ́n fi dì í pé ẹnì kan ti fọ̀ ọ́. Dúdú tó bò ó yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ara ọjọ́ orí fàdákà ni.