Ìbéèrè Yín: Ajá Nínú Koríko Òjò Àkọ́rọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Látìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ni yúnyun àti imí-eṣú ti tanná kárí pápá tó wà lọ́nà Àlàbàtà. Ibẹ̀ ni mo ń mú ajá mi rìn lọ, ṣùgbọ́n eégbọn ti bò ó. Ṣé kí n má lọ mọ́ ni? Aládùúgbò mi ní kí n fi ọ̀tapíàpíà wẹ̀ ẹ́. (Òǹkàwé kan, Ọ̀bàntòkò, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: A bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀tapíàpíà kan ajá yẹn. Ó ń gba awọ wọ inú ara, ajá á sì tún lá ìyókù lára irun rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi wẹ̀ ẹ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta) kò jìnnà sí yín. Kẹrosíìnì náà kò dára.

Ẹ máa lọ sí pápá yín. Lóòótọ́, eégbọn wà lórí koríko, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ajá nílẹ̀ wa, inú ilé ajá gan-an ló ń gbé. Bí abo rẹ̀ bá mu ẹ̀jẹ̀ yó, á já bọ́, á wọ ihò ara ògiri, á sì yé ẹyin ẹgbẹ̀rún mélòó kan síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń wẹ ajá nìkan fi ń ṣe làálàá lásán. Ọjọ́ tí ẹ bá fún ajá ní oògùn tí dókítà wọ̀n bí ó ṣe wúwo, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ sun àkísà tó ń sùn lé, kí ẹ da omi híhó sí ihò ògiri, kí ẹ sì fi sìmẹ́ńtì dí wọn.

Bí ẹ bá ti pápá dé, ẹ yẹ inú etí wò, abẹ́ okùn ọrùn, abíyá, ìdí ìrù àti àárín ọmọ ìka. (Abẹ́rẹ́ olóko náà máa ń há síbẹ̀, ajá á sì máa tiro.) Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú eégbọn níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, kì í ṣe ní ikùn, kí ẹ fà á sókè gbọọrọ. Bí ẹ bá lọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ á kù sínú awọ, ibẹ̀ á di egbò. Ẹ jù ú sínú sípíríìtì, ẹ má fi èékánná pa á. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ yọ ọ́, torí bó ṣe ń pẹ́ lára ló ń ráyè kó àrùn sí ẹ̀jẹ̀. Bí erìgì ajá bá funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi sóbò, tí kò jẹun, ẹ má dúró di ọ̀la.

ÌBÉÈRÈ: Aago mélòó ló yẹ kí n mú ajá jáde? Tèmi máa ń mí hẹlẹhẹlẹ. (Òǹkàwé kan, Ìdí-Àbà)

ÌDÁHÙN: Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì. Bí ẹ kò bá lè fi síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7, yóò jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Fún ajá oníkílò 20, omi inú ọ̀rá méjì tó, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó mu omi adágún, ìtọ̀ eku máa ń wà níbẹ̀. Bí ó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ igi, ẹ da omi sí i níkùn àti abíyá, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ tó gbé e lọ bá dókítà. Okùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 2 lọ, torí paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ẹlẹ́sẹ̀. Ṣe ló ń dúró jẹ́ẹ́ sínú koríko.