Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Ajá Ẹ̀yìn Ọjà, Ìtàn Agboolé, àti Fọ́tò Tó Lẹ̀ Mọ́ Gíláàsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ọmọ mi gbé ajá kan wálé láti ẹ̀yìn ọjà Tákìẹ́. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ń re, eégbọn sì kún inú etí rẹ̀. Àwọn ọmọ ò fẹ́ kó lọ mọ́, èmi náà sì ti ń fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní kúrúnà ni, pé kí n da kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì sí i lára. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Kí ni kó sì máa jẹ? *Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́.*

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sí i lára. Ohun tí bàbá bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wọn ni wọ́n sọ, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn. Ajá a máa lá ara rẹ̀. Májèlé tó wà nínú ọ́ìlì tó ti jó nínú ẹ́ńjìnnì a gba ẹnu àti awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Òtàpíàpíà tí àwọn mìíràn ń lò tún burú ju ìyẹn lọ, ó lè pa á kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kúrúnà ní oògùn. Dókítà ẹran yóò wọn ajá náà, yóò fún un ní oògùn tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, yóò sì ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí oògùn àkọ́kọ́ kì í pa ẹyin kòkòrò náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́: irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù, wọ́n ní ó ti yá, wọn ò padà lọ mọ́, nígbà tó sì máa fi tó oṣù kan àrùn náà ti tún dé. Títí yóò fi san, kí àwọn ọmọ má bá a sùn, kí wọ́n sì máa fọ ọwọ́ bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, torí ó lè mú kí ara yún ènìyàn.

Ní ti eégbọn, ẹ fi ẹ̀mú kékeré di orí rẹ̀ mú níbi tó ti wọ awọ, kí ẹ fà á sókè tààrà láìyí i. Ẹ má fi èékánná fọ́ ọ, ẹ jù ú sínú ìgò tí sìpírítì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ká ètè ajá náà sókè kí ẹ wo erìgì rẹ̀. Bó bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó dára. Bó bá funfun, ó lè jẹ́ pé eégbọn ti kó ibà sí i lẹ́jẹ̀ tàbí aràn ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ ní kí dókítà fún un ní oògùn aràn pẹ̀lú. Ẹ má fún un ní Panadol tàbí oògùn ara ríro ti ènìyàn.

Oúnjẹ rẹ̀ gba ìfarabalẹ̀. Ajá tí ebi ti pa pẹ́, a kì í bu oúnjẹ rẹpẹtẹ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Yóò bì í, tàbí kó máa yàgbẹ́ gbuuru, èyí tó bá ti rù jù sì lè tibẹ̀ kú, nítorí ara rẹ̀ ti gbàgbé bí a ṣe ń lo oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún ajá tó tó kílò 10 sí 12, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ife ìrẹsì tó jinná rọ̀, kí ẹ po ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ kẹrin, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Bó bá fi máa tó ọjọ́ kẹwàá, ẹ lè sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ kó máa jẹ yó. Kí omi tó mọ́ má tán níwájú rẹ̀. Àjẹkù ọbẹ̀ ni ẹ máa ṣọ́ jù, nítorí àlùbọ́sà inú rẹ̀ a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìyẹ tí a ti sè náà a máa fọ́ ṣóńṣó, a sì gún un nífun.

Dìgbòlugi ló kù, òun ni kò gbọdọ̀ falẹ̀. Ajá tí ẹ kò mọ ilé tó ti wá lè ti gbé e sára fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kó tó hàn. Bí dókítà bá ti rí i pé ara rẹ̀ gbà á, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, kó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀. Bó bá gé ọmọ jẹ, tó ha á léèékánná, tàbí tó lá ojú egbò rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sí ata, kò sí epo, kò sí àgúnmu. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára ènìyàn, oògùn kì í ràn án mọ́.

Ẹ fún un ní ibi tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí òjò kò ti ní pa á, kó má sì dé ìdí ẹní ìkírun àti kẹ́tù bàbá, kí abọ́ rẹ̀ náà má pàdé abọ́ ilé. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìbejì: bó bá ń jẹun tàbí tó ń sùn, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Òun ni kó máa wá bá wọn.

Ìbéèrè: Orúkọ tí mo sọ ajá mi ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti aládùúgbò mi, ó ní òun ni mò ń fi bú. Irú orúkọ wo ló dára? *Òǹkàwé kan, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.*

Ìdáhùn: Ẹ má bá a jà, ó ní ìdí tó fi fura. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni Yorùbá ti ń fi orúkọ ajá pòwe fún ẹni tó wà lódìkejì ògiri. Ẹni tó bá ń pe Tanímọ̀la láàárọ̀ àti lálẹ́ ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, àdúgbò sì mọ̀. Ajá ò mọ òwe ní tirẹ̀. Orúkọ kúkúrú ló ń tètè mọ̀, èyí tí kò jọ orúkọ ọmọ ilé. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ máa pe tuntun ṣáájú tàtijọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fún un ní ìfọ́ ẹja kékeré ní gbogbo ìgbà tó bá yíjú, lẹ́yìn náà kí ẹ ju tàtijọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ìyá tó bí bàbá mi ti lé ní 90 ọdún, Màsífà ni wọ́n wà. Bàbá àgbà ṣòwò ní Gánà kí wọ́n tó kú. Mo fẹ́ kọ ìtàn agboolé wa sílẹ̀ kí gbogbo wa tó pàdé nílé lọ́dún Kérésì. Bí mo bá bi wọ́n pé ọdún wo ni nǹkan ṣẹlẹ̀, wọn á ní àwọn ò kàwé. *Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́.*

Ìdáhùn: Ọdún kọ́ ni kí ẹ bèèrè. Ẹ bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígboro, kí ẹ wá fúnra yín wá ọdún rẹ̀. Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sójú ìwé kan kí ẹ tó lọ: ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, oṣù Kìíní 1955; òmìnira, 1960; ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970; Àgbẹ̀kọ̀yà, 1968 sí 1969; ìgbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé fi Gánà sílẹ̀, oṣù Kọkànlá 1969; ìgbà tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, oṣù Kẹrin 1972; ìgbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn, oṣù Kìíní 1973.

Ẹ wá máa fi ọjọ́ orí àwọn ọmọ tí wọ́n bí díwọ̀n gbogbo rẹ̀. “Nígbà tí ẹ dé láti Gánà, ta lẹ pọ̀n?” Bí wọ́n bá ní àbúrò bàbá yín kan ṣì ń mú ọmú, a jẹ́ pé nǹkan bí 1968 ni wọ́n bí i. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan wọ ilé ìwé lọ́dún tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, ẹ rántí pé ọwọ́ ni wọ́n ń ní kí ọmọ gbé kọjá lórí kó fi kan etí, ọmọ bí 6 sí 7 ọdún ló sì ń kàn án, nítorí náà 1948 tàbí 1949. Ẹ kọ “nǹkan bí” síwájú irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ìlú tí wọ́n gbé ní Gánà, Kumasi ni àbí Tamale, ohun tí wọ́n tà, àti ẹrù tí wọ́n lè gbé bọ̀. Ìwé ìrìnnà tàbí ìwé owó orí ìgbà náà lè ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn ilé lọ́nà ni orúkọ. Ìyàwó ilé ni màmá jẹ́. Wọn kì í pe ẹni tí wọ́n bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọdé, orúkọ tí wọ́n fún un ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà “Ìbàdíàrán” tàbí “Bàbá Kékeré” tí ẹ gbọ́ lẹ́nu wọn kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ẹni náà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ bíbí agboolé náà, pàápàá àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin. Àwọn ìyàwó ilé ni kí ẹ sì gba oríkì orílẹ̀ lẹ́nu wọn, nítorí àwọn ló ń kì í. “Bàbá” náà lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá, “ẹ̀gbọ́n” sì lè jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá, ẹ máa béèrè léraléra pé, “Ta ló bí i? Ìyá wo?” Bí ilé bá jẹ́ olórogún, ẹ tò ó ní ìdí-ìdí, láti orí ìyáálé dé ìyàwó kékeré. Ẹnikẹ́ni kì í gbàgbé ẹni tó ṣáájú òun wọ ilé ọkọ.

Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn baba ńlá. Ọ̀jẹ́ ń tọ́ka sí ilé eégún, Àyàn sí ilé onílù, Ògún sí àgbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ, Ifá àti Awó sí babaláwo. Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, ọ̀pọ̀ Fágbèmí di Olúgbèmí. Ọdún 1855 ni òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi T. J. Bowen dé Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà bí ilé yín bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà pípẹ́, ẹ bẹ akọ̀wé ìjọ kó bá yín wo ìwé ìtẹ̀bọmi àti ti ìgbéyàwó, kó sì wá orúkọ méjèèjì, ti àtijọ́ àti ti ìgbàgbọ́.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa lọ, kó má ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀: ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, ẹ gbé e sórí aṣọ tí a ká nítòsí ẹnu wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ohùn náà pamọ́ síbi méjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ má dá wọn lẹ́nu, ìyẹn lè mú kí wọ́n dákẹ́ pátápátá. Bí ìtàn bá kan ilẹ̀ tàbí oyè tí ẹnu ò sì kò, ẹ kọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ má kọ, ẹ má kọ ọ́.

Ìbéèrè: Fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù. Báwo ni mo ṣe lè ṣí i? *Òǹkàwé kan, Ìsokùn, Ọ̀yọ́.*

Ìdáhùn: Ẹ má ṣí i, ẹ má sì fi omi kàn án. Ọ̀rinrin ló yọ́ ojú fọ́tò mọ́ gíláàsì. Bí ẹ bá fà á, ojú wọn ni yóò kù sára gíláàsì. Ẹ nu iwájú gíláàsì, ẹ gbé e lọ síbi ẹ̀rọ skánà kó yà á pẹ̀lú gíláàsì náà ní 600 dpi, ìyẹn ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó. Bí kò bá sí skánà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí oòrùn má tàn sí i lójú, kí ẹ pa iná fóònù, kí ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn ara yín kí òjìji yín má bàa hàn nínú gíláàsì, kí ẹ wá yà á. Ẹ fi ẹ̀dà tuntun sínú férémù mìíràn, kí ẹ fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká kó má kan gíláàsì. Kí ẹ tó dè é pa, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún. Bíírò a máa ràn jáde síwájú.