Ṣé mo lè kọ "obtain" nígbà tí mo ra aṣọ ní Gbági?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilé aránṣọ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń kọ àkọsílẹ̀ ọjà tí a bá rà, èmi náà ni mo ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Ọ̀gá mi ní kí n máa kọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbayì. Mo wá rí i nínú ìwé atúmọ̀ èdè pé obtain àti get, ìtumọ̀ kan náà ni, mo bá ń fi obtain rọ́pò get níbi gbogbo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ sí oníbàárà kan pé: "We obtained six yards of lining at Gbagi. I obtained your message. Kindly obtain me the balance." Ojú ẹsẹ̀ ló pè, ó ń béèrè bóyá kò sí wàhálà. Àbúrò mi ọkùnrin tún ní ọ̀rọ̀ àwọn gbájú-ẹ̀ ni obtain. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú akitiyan. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkàn rẹ balẹ̀: gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn kò ní àṣìṣe gírámà kankan. Ibi tí o ti lò ó ni kò bá a mu. Gèlè aṣọ òkè ni o wé lọ pọnmi. Gèlè ò burú, odò ni kì í ṣe ibi tí à ń wé e lọ.

Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì gbà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ àwọn Viking tó wá tẹ̀dó sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ni get ti wá, inú ilé àti inú ọjà ló sì jókòó sí. Obtain ní tirẹ̀ gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wọlé ní nǹkan bí ọ̀rúndún 15, láti inú èdè Látìn, níbi tí tenere ti túmọ̀ sí kí èèyàn di nǹkan mú. Lẹ́yìn tí àwọn Norman sì ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin àti nílé ẹjọ́ fún ìgbà pípẹ́. Irú ọ̀rọ̀ tó bá gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé kì í pẹ́ di ọ̀rọ̀ ìwé àti òǹtẹ̀.

Báwo lo ṣe máa mọ ibi tó yẹ? Fi Yorùbá sọ ọ́ ná. Èdè wa kì í da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan. Tí o bá lọ sí Gbági, o ra aṣọ ni: bought. Tí o bá ṣí àpótí, o mú abẹ́rẹ́ ni: took. Bọ́tìnì já bọ́, o wá a, o rí i: found. Wọ́n kọ̀wé sí ọ, o gbà á: received. Ṣùgbọ́n ká ní o lọ sí Sẹkitéríàtì l'Ágodi nítorí ìwé ilẹ̀. O gba fọ́ọ̀mù, o kọ ọ́, o sanwó, wọ́n ní kí o lọ mú fọ́tò wá, o lọ, o bọ̀, wọ́n ní kí o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí ìwé náà bá jáde, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ní o "mú" ìwé yẹn. Wọ́n á ní o rí i gbà. "Rí gbà" yẹn gan-an ni obtain. Wàhálà wà nínú ẹ̀, ẹnìkan sì wà lápá kejì tó láṣẹ láti fún ọ tàbí láti má fún ọ. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ obtain a Certificate of Occupancy, obtain a passport, obtain permission, obtain a loan, obtain a degree.

O wá rí ìdí tí ẹ̀rù fi ba oníbàárà rẹ. "I obtained your message" dún bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni o ti lọ wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà, bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń wádìí ẹjọ́.

Gbólóhùn kẹta ló ní àṣìṣe gidi. Get lè gbé èèyàn àti nǹkan dání lẹ́ẹ̀kan náà: get me water. Obtain kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Obtain water for me là ń kọ. Kò sì lè dúró fún get nínú get tired, get to Dugbe tàbí get malaria. Rántí attain náà. Ọmọkùnrin kan gbé lẹ́tà ìwáṣẹ́ wá bá mi rí, bébà náà ṣì ń gbóná láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Àgbowó, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "I have obtained the age of 25." Ọjọ́ orí kì í ṣe ohun tí à ń gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èèyàn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni: attained.

Òótọ́ ni àbúrò rẹ sọ. Inú òfin ni ọ̀rọ̀ yẹn ti bọ́ sí ìgboro. Abala 419 nínú Criminal Code ilẹ̀ wa, tí gbogbo ayé fi ń pe gbájú-ẹ̀ ní "419", ẹni tó fi irọ́ gba ohun ìní ẹlòmíràn ló ń bá wí, ọ̀rọ̀-ìṣe tó sì lò ni obtains. Òfin ọdún 2006 tó tẹ̀ lé e lórí jìbìtì sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ó kéré tán, tí kò ní ju 20 lọ, láìsí àyè owó ìtanràn. Àwọn ọ̀dọ́ wá gé e kúrú: "wọ́n ti obtain ẹ̀," ìyẹn ni pé wọ́n ti lù ú ní jìbìtì. Tí o bá wá fi obtain àti owó sínú gbólóhùn kan náà sí oníbàárà, tí kò sì sí báǹkì tàbí ìjọba níbẹ̀, kò yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu tí ara bá fu ú. Lójú tèmi, ìdí yìí nìkan ti tó láti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé owó.

Ohun kan tún wà tí mo ń rí lójoojúmọ́, kódà nínú ìwé ìròyìn: "as is obtainable in other countries." Ohun tó ṣeé rí gbà ni obtainable. Tí o bá fẹ́ sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn, as obtains in other countries ni, tàbí kí o kàn kọ as is done.

Tún àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ kọ báyìí: "We bought six yards of lining at Gbagi. Thank you for your message. Kindly pay the balance on or before Friday." Kò sí ẹni tó máa kà á tí kò ní mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ bá sì ní kí o kọ̀wé sí báǹkì nítorí owó tí ẹ máa fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, kọ ọ́ gbàgà síbẹ̀ pé "We wish to obtain a loan."