Ṣé Rédà Sátẹ́láìtì Lè Rí Ohun Tó Di Àwátì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kà á pé rédà ara sátẹ́láìtì máa ń ya àwòrán ilẹ̀ àti òkun lóru, kódà nígbà tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé bí bàálù bá já sínú igbó, tàbí tí ọkọ̀ ojú omi bá di àwátì, wọ́n ṣì máa ń wá a fún ọ̀pọ̀ ọjọ́?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ẹ kà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni kámẹ́rà ń dúró dè, ṣùgbọ́n rédà fúnra rẹ̀ ló ń rán ìgbì rédíò sílẹ̀, òun náà ló sì ń gba èyí tó bá padà wá. Ohun tó bá dá ìgbì yìí padà nìkan ló ń rí. Omi tó pa rọ́rọ́ máa ń ta á dànù síbòmíràn bíi dígí, ìdí nìyẹn tí òkun fi ń dúdú nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ irin tó dúró ṣánṣán bá ti pàdé ojú omi, igun kan wà tó ń dá ìgbì náà padà tààrà, ọkọ̀ náà yóò sì hàn bí àmì funfun kan ṣoṣo lórí dúdú. Ọkọ̀ rọ́bà tí àwọn tó yè bọ́ wà nínú rẹ̀ kò ní irú igun bẹ́ẹ̀, ó sì lè pòórá pátápátá nígbà tí òkun bá ń ru.

Ti igbó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbì sátẹ́láìtì rédà Sentinel-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.5, kì í sábà kọjá àwọn ewé òkè igi. Ìgbì sátẹ́láìtì ALOS-2 ti ilẹ̀ Japan, tó tó sẹ̀ǹtímítà 24, máa ń wọlé jù ú lọ. Síbẹ̀, kò rọrùn láti ya àfọ́kù bàálù kékeré sọ́tọ̀ láàárín igi, àfi bí a bá rí àwòrán ibẹ̀ tí a yà ṣáájú ìjàǹbá náà, tí a sì fi wé ti lẹ́yìn rẹ̀.

Àkókò ni ọ̀tá tó burú jù. Ọjọ́ 12 ni sátẹ́láìtì Sentinel-1 kan ń lò kí ó tó padà sí ojú ọ̀nà kan náà gan-an, ẹni tó wà nínú omi kò sì lè dúró dè é. Nítorí náà, lójú tèmi, iṣẹ́ rédà ni láti dín ibi tí a ó wá kù, kí àwọn bàálù àti ọkọ̀ olùdóòlà lè mọ ibi tí wọn yóò kọ́kọ́ yà sí.

Bí ẹ bá ń lọ sójú òkun, ẹ̀rọ pàjáwìrì tó ń ké jáde lórí ìgbì rédíò 406 MHz ni kí ẹ mú dání, nítorí pé àwọn sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ètò àgbáyé tó ń gba igbe pàjáwìrì, ń tẹ́tí sí i. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbéra: láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2009 ni àwọn sátẹ́láìtì náà ti dẹ́kun gbígbọ́ àwọn ti àtijọ́ tó ń lo 121.5 MHz.