Káńtà Gíránáìtì Tó Là Níwájú Síǹkì: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Káńtà gíránáìtì ilé ìdáná wa là sí méjì níwájú síǹkì gan-an. Bíríkìlà tó wá wò ó ní ká fi sìmẹ́ńtì funfun dí i. Ẹlòmíràn ní ká ra tuntun. Èwo ni ká ṣe?
Òǹkàwé, Òkè-Fìà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da sìmẹ́ńtì sí i. Omi síǹkì á máa wọ ojú ibẹ̀, láìpẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rún. Tó bá jẹ́ ọ̀nà méjì péré ló là sí, tí etí rẹ̀ kò sì fọ́ wẹ́wẹ́, kò yẹ kí ẹ náwó sí tuntun.

Ohun tó là á ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ibi tí wọ́n gé fún síǹkì ni òkúta ti ṣẹ́kù tóóró, agbára rẹ̀ kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ègé tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2, wúwo tó nǹkan bíi kílò 54. Bí omi bá ti mú pákó kọ́bọ́ọ̀dù wú, tàbí tí orí rẹ̀ kò tẹ́jú, gbogbo ìwọ̀n yẹn á dá lé ojú kan. Ẹni tó bá wá gun orí káńtà láti pààrọ̀ gílóòbù ló máa dá a. Ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé orí kọ́bọ́ọ̀dù, kí káfíńtà tún un ṣe kí ẹ tó ronú kan gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù kò lè gba òkúta tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo.

Ẹ ti omi pa, ẹ tú páìpù àti síǹkì, kí ẹ fi bíléèdì gé sílíkónì tó so káńtà mọ́ ògiri. Ìnàró ni kí ẹ gbé òkúta, bí wọ́n ṣe ń gbé dígí fèrèsé. Ìdùbúlẹ̀ ló máa ń mú un tún dá lọ́nà.

Ẹ tẹ́ nọ́ọ̀lọ́nù sórí pákó tó tẹ́jú, kí ẹ gbé e lé e. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ásítónì nu ojú ibi tó là, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀. Ẹ má fi sáńpépà ha á, torí àwọn ṣóńṣó kéékèèké ibẹ̀ ló ń jẹ́ kí méjèèjì wọ inú ara wọn. Ẹ so wọ́n pọ̀ lásán wò ná, kí ẹ sì lẹ téèpù sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìlà náà.

Gọ́ọ̀mù epoxy alápá méjì (gọ́ọ̀mù àti hádínà, èyí tó ń mú un gan) la fara mọ́ fún ibi síǹkì. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ tẹ̀ lé gẹ́lẹ́: àfikún hádínà kì í mú epoxy yá, ńṣe ló máa ń jẹ́ kó rọ̀ títí. Gọ́ọ̀mù polyester yàtọ̀, gírámù 2 sí 3 hádínà tó fún gírámù 100. Oòrùn ọ̀sán máa ń mú méjèèjì gan kíákíá, torí náà ẹ ṣe é láàárọ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì, kí ẹ fún wọn pọ̀ níwọ̀nba, torí tó bá le jù, gbogbo gọ́ọ̀mù á jáde. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24.

Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ dé. Kí onímáṣíìnì gé ihò gbọọrọ kan sábẹ́, kó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 1, kó sì kọjá ojú ìlà ní sẹ̀ǹtímítà 15 lọ́tùn-ún lósì. Kó bo imú, eruku gíránáìtì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Irin mìlímítà 6 tí kì í dógùn-ún ni kí ẹ fi epoxy rì síbẹ̀. Irin ìkọ́lé á dógùn-ún, á wú, á sì tún la òkúta.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ na irin áńgù kọjá níwájú síǹkì. Ẹ kán sílíkónì sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní sẹ̀ǹtímítà 30 síra, kí ẹ fi àlàfo mìlímítà 3 sílẹ̀ lára ògiri, kí ẹ sì fi sílíkónì dí i.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ojú ìlà náà lè pòórá pátápátá?
Òǹkàwé, Ògo-Olúwa, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Rárá. Lára gíránáìtì dúdú tó ní tótòtó, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i tí ẹ bá po àwọ̀ tó bá a mu mọ́ gọ́ọ̀mù. Lára òkúta funfun, á máa hàn.