Ẹ má tíì ra lẹ́ńsì míì, ibi tẹ́ẹ dúró sí ni wàhálà wà

Ọ̀gá mi, ẹ ní tẹ́ẹ bá ti fi lẹ́ńsì 16mm ya òṣèré, ojú ẹ̀ á wú bíi bọ́ọ̀lù, yàrá náà á wá rí bí ibi tí wọ́n kó ẹrù kúrò, ṣé kẹ́ẹ pààrọ̀ lẹ́ńsì ni. Ẹ fowó yín pamọ́ jàre. Torí pé ibi tó fẹ̀ ni lẹ́ńsì yẹn ń rí (bí nọ́ńbà mm bá ṣe kéré tó ni ibi tó ń rí ṣe ń fẹ̀ tó), ẹ ní láti sún mọ́ èèyàn gan-an kójú ẹ̀ tó kún àwòrán, tẹ́ẹ bá sì ti sún mọ́ ọn báyẹn imú ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, á tóbi, etí á sá sẹ́yìn. Ẹ dúró sójú kan, ẹ fi 24mm ya á, ẹ fi 50mm ya á, kójú ẹ̀ wà láàárín o, kẹ́ẹ wá gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán ti 24mm yẹn kúrò títí táwọn méjèèjì fi dọ́gba. Ojú kan náà lẹ máa rí, àfi pé ti 24mm ò ní mọ́ tó ìkejì.

Nínú yàrá kótópó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí, wide, ìyẹn lẹ́ńsì tó ń rí ibi tó fẹ̀, ni mo fi ń ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo sì ń fi 50mm tàbí 85mm ya ojú. Full frame ni mò ń sọ o, kámẹ́rà tí ojú tó ń gba àwòrán nínú ẹ̀ tóbi, tó bá jẹ́ Super 35, tí tiẹ̀ kéré sí i, lẹ ní, 16mm yín fẹ́ẹ̀ rí bíi 24mm tèmi. Àmọ́ tí orí ẹni náà bá ń dàrú nínú ìtàn, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, wíwú yẹn gan-an lẹ ń wá.

Etí àwòrán ni kẹ́ẹ ṣọ́ra fún. Orí ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn lọ̀tọ̀, lẹ́ńsì ló lẹ̀bi tiẹ̀. Ẹ kó èèyàn sáàárín, kẹ́ẹ fi àga àti ilẹ̀kùn sétí, kámẹ́rà náà ò sì gbọdọ̀ gbójú sókè láìnídìí torí ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ẹni fẹ́ wó sẹ́yìn.

Ti yàrá tó rí gbayawu yẹn, kò sí nǹkan níwájú ni. Ẹ gbé ìgò síbẹ̀, àbí èjìká ẹni tó kọ̀yìn sí wa, kí òṣèré wá máa rìn bọ̀ látẹ̀yìn, ẹ máa rí i pé ìgbésẹ̀ díẹ̀ báyìí ló ti dé iwájú, wide máa ń jẹ́ kírìn yá. Fún focus, ìyẹn ibi tí àwòrán ti máa mọ́ kedere, tẹ́ẹ bá fi 24mm sí f/8 (nọ́ńbà ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ńsì) kẹ́ẹ fi focus sí bíi mítà 2.5, láti nǹkan bíi mítà 1.3 lọ sẹ́yìn pátá ló máa mọ́, ẹ ò ní máa lé e kiri.

Ohun tí mo máa ń bá àwọn oníláìtì jà lé lórí ni pé wide ń rí gbogbo nǹkan, ẹsẹ̀ láìtì, òjìji boom (ọ̀pá tí wọ́n so máìkì mọ́), báàgì ẹnì kan nílẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n fi máìkì kékeré sábẹ́ aṣọ òṣèré ni. Tó bá sì jẹ́ variable ND, gíláàsì dúdú tí wọ́n ń yí láti dín ìmọ́lẹ̀ kù, lẹ fi síwájú lẹ́ńsì, ẹ má yí i dé òpin, àmì X dúdú kan máa ń yọ gbàgà sójú ọ̀run, ẹ lo ND lásán tí kì í yí.